Ollantaytambo: Ìlú Ìnkà Tí Omi Rẹ̀ Kò Tíì Dá

Ọ̀pọ̀ àlejò tó ń lọ wo Machu Picchu ni kò mọ̀ ju ibùdókọ̀ ojú irin Ollantaytambo lọ. Bọ́ọ̀sì á já wọn sílẹ̀, wọ́n á sáré gun àtẹ̀gùn lọ sí Tẹ́ńpìlì Oòrùn, wọ́n á ya fọ́tò, ọkọ̀ ojú irin á sì gbé wọn lọ. Àánú wọn máa ń ṣe mí. Ìgbà ìkórè àgbàdo ni mo dé ibẹ̀, n kò sì kúrò títí wọ́n fi tún gbin òmíràn.

Àfonífojì odò Urubamba ni ìlú náà wà, ní orílẹ̀-èdè Perú, ó sì fi nǹkan bí 2,800 mítà ga ju ojú òkun lọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí mo bá gun òkè díẹ̀, ńṣe ni mò ń mí hẹlẹ. Ìyá onílé mi rẹ ewé koka sínú omi gbígbóná fún mi, ó ní kí n máa rọra rìn. Pachacuti, ọba Ìnkà, ló ṣẹ́gun ilẹ̀ yìí ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún tó sì tún un kọ́. Òpópónà tí wọ́n là nígbà náà ni wọ́n ṣì ń rìn.

Kancha ni wọ́n ń pe agbo ilé wọn. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, tó fẹ̀ nísàlẹ̀ tó sì ń há bó ṣe ń lọ sókè. Àwọn yàrá yí àgbàlá ká. Òkúta tí àwọn Ìnkà tò ló wà nísàlẹ̀ ògiri, amọ̀ tí àwọn ará ẹ̀yìn mọ ló wà lókè. Nínú àlàfo tí àwọn Ìnkà fi sára ògiri ni ìyá onílé mi ń kó iyọ̀ àti àbẹ́là sí. Àwọn cuy, ẹran ilé kékeré tí kò nírù, ń sá kiri lẹ́bàá ààrò, tí wọ́n ń jẹ koríko títí ọjọ́ ọdún á fi dé tí wọ́n á yan wọ́n.

Omi ló jọ mí lójú jù. Láti odò Patakancha ni wọ́n ti darí rẹ̀ gba ipa omi tí wọ́n fi òkúta tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ òpópónà, tó sì ń hó lọ tọ̀sán tòru. Omi yìí ti jagun rí. Ní ọdún 1537, nígbà tí Hernando Pizarro kó ọmọ ogun Sípéènì wá mú Manco Inca, ọba Ìnkà nígbà náà, Manco ṣí omi sórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ìlú. Ẹrẹ̀ gbé ẹṣin wọn mì dé ikùn, àwọn jagunjagun Manco sì ń ta wọ́n lọ́fà láti orí òkè. Àwọn ará Sípéènì sá padà sí ìlú Cusco. Manco mọ̀ pé wọ́n á tún padà wá, ló bá kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Vilcabamba.

Òkúta gàgàrà mẹ́fà ló dúró lórí òkè, ní Tẹ́ńpìlì Oòrùn tí wọn kò kọ́ parí. Cachicata, ní òdìkejì odò Urubamba, ni wọ́n ti gbẹ́ wọn. Àwọn kan ṣì wà lójú ọ̀nà tí wọn kò dé. Àwọn ará ìlú ní ó rẹ àwọn òkúta náà ni.

Kí gbígbìn tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo èèyàn mú ṣọ́bìrì jáde, wọ́n fi ọ̀wẹ̀ kó ẹrẹ̀ kúrò nínú ipa omi náà. Èmi náà kó o. Lẹ́yìn rẹ̀ a lọ sí ilé kan tí wọ́n so ọ̀rá pupa mọ́ orí ọ̀pá gígùn níwájú rẹ̀, àmì pé chicha ti délẹ̀. Àgbàdo tó hù ni wọ́n fi ń ṣe é, ó sì kan díẹ̀ bíi ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Oníkálukú kọ́kọ́ ta díẹ̀ sílẹ̀ fún Pachamama, ìyá ilẹ̀, kó tó mu.

Ohun kan ló ń bí mi nínú. Ojú ọ̀nà tó lọ sí òkè Málaga gba àárín gbàgede ìlú kọjá, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì àwọn àlejò sì ń fún ara wọn mọ́ àárín ògiri. Ìyá onílé mi mú ọwọ́ mi lé ògiri rẹ̀ nígbà tí ọ̀kan ń kọjá. Mo gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n. Ó yẹ kí wọ́n la ọ̀nà mìíràn fún àwọn ọkọ̀ ńlá yẹn, kó sì jẹ́ kíákíá, nítorí èèyàn ló ń sùn nínú àwọn ògiri wọ̀nyẹn.