Owó Ilé-Ìwé: Ẹ̀bùn Ni Tàbí Ẹ̀yáwó?

Nígbà tí àbúrò mi rí àyè wọ yunifásítì ìjọba, ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé rẹ̀ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ẹbí wa. Ìyá wa, tí ó fi owó èsúsú rán mi níléèwé, sọ pé òun kò fẹ́ kí ọmọ òun fi gbèsè bẹ̀rẹ̀ ayé. Ẹ̀rù rẹ̀ yé mi: láyé àtijọ́, onígbèsè a máa fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìrànwọ́ kọ́ ni gbèsè.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo là sílẹ̀ fún wọn. Èkínní ni ẹ̀bùn ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, tí ìjọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí èsì ìdánwò rẹ̀ dára. A kì í san án padà, ṣùgbọ́n ẹni tí èsì rẹ̀ bá wálẹ̀ lè pàdánù rẹ̀. Èkejì ni bọ́sárì, tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ń fún ọmọ ìbílẹ̀ wọn. Òun náà kò ní ìdápadà.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yáwó NELFUND, fún ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan. Òfin ọdún 2023 béèrè onídùúró, kò sì gba ẹni tí owó tó ń wọlé fún ìdílé rẹ̀ lọ́dún bá ju ₦500,000 lọ. Òfin oṣù kẹrin ọdún 2024 mú méjèèjì kúrò. Kò ní èlé. Owó ilé-ìwé ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́; akẹ́kọ̀ọ́ sì lè béèrè owó ìgbọ́bùkátà, ₦20,000 lóṣù. Ọdún méjì lẹ́yìn ìsìn àgùnbánirọ̀ ni ìsanpadà bẹ̀rẹ̀: agbanisíṣẹ́ yóò máa yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹni tó gba owó ìgbọ́bùkátà fún oṣù mẹ́wàá lọ́dún, fún ọdún mẹ́rin, ti jẹ ₦800,000, láìtíì ka owó ilé-ìwé. Bí owó oṣù rẹ̀ bá jẹ́ ₦100,000, oṣù 80 ni yóò fi san án. Nítorí náà, owó ilé-ìwé nìkan ni àbúrò mi yá. Àwa ẹbí pín owó oúnjẹ rẹ̀ láàárín ara wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀bùn, nítorí àkókò rẹ̀ kì í pẹ́ kọjá. Ohun tó bá kù ni kí ẹ yá. Ẹ sì rántí pé ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje.