Ẹ Má Tíì Gbé Ìwé Yín Lọ Sílé Ìtẹ̀wé

Ìyá Bánkẹ́ kú ní orí kẹrin ìwé ìtàn àròsọ mi. Wọ́n sin ín, wọ́n sì ṣe òkú rẹ̀ tìlù tìfọn. Ní orí kọkànlá, ìyá kan náà ló wé gèlè sányán, tó ń jó wọ ibi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ka àfọwọ́kọ náà, n kò rí i. Ẹ̀dà 500 ti jáde kí àbúrò mi obìnrin tó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ìyá Bánkẹ́ ti kú?" N kò rí èsì fún un.

Ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́ báyìí, tó ń rò ó pé ṣé ó ti tó gbé jáde, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ ìkójáde kọ́ ló ń parí ìwé

Ohun tó kó bá mi ni pé mo ti dá ọjọ́ ìkójáde. Mo ti sanwó gbọ̀ngàn, alága ọjọ́ náà ti jẹ́ hòo, ẹbí àti ọ̀rẹ́ ti rán aṣọ. Ó wá di pé ọjọ́ ló ń lé ìwé. Orí mẹ́ta tó gbẹ̀yìn, òru ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ wọ́n, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe náà gbà wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìwé parí ná, kí ẹ tó dá ọjọ́.

Ojú òǹkọ̀wé máa ń fo àṣìṣe

Ohun tó wà lọ́kàn wa là ń kà, kì í ṣe ohun tó wà lórí bébà. Ẹ kó àfọwọ́kọ náà sínú àpótí fún oṣù kan, kí ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Nígbà tí ẹ bá mú un jáde, ẹ kà á sókè ketekete. Gbólóhùn tí èémí bá tán yín nínú rẹ̀, ẹ gé e.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni mẹ́ta tí kò ní ṣojú àánú. "Ó dùn" kò wúlò fún yín. Ẹ bi wọ́n pé: níbo lẹ ti gbé ìwé sílẹ̀? Níbo lẹ ti padà sẹ́yìn láti tún un kà? Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kọsẹ̀ níbì kan náà, ọ̀nà ibẹ̀ ni kò dára, ẹsẹ̀ wọn kọ́.

Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́

Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù fún ẹni tó ń kọ èdè wa. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Ó ta ọkọ̀ rẹ̀." Bí àmì orí "ọkọ̀" bá já bọ́, obìnrin náà ti ta ẹni tó fẹ́ ẹ sílé, bí ó bá di àmì òkè, ohun èlò oko ló tà. Ẹ yan àkọtọ́ kan, kí ẹ dúró tì í. Ẹni tó kọ "ènìyàn" lójú ìwé 5 kò gbọdọ̀ kọ "enia" lójú ìwé 60. Láti 1974 tí ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ni "enia" àti "aiye" ti di ti àtijọ́.

Ewu mìíràn tún wà. Iṣẹ́ yín lè pé pérépéré lórí kọ̀ǹpútà yín, kó dé orí ti ẹni tó ń to ojú ìwé, kí fọ́ọ̀ntì rẹ̀ má mọ ẹ̀ tàbí ọ́. Ẹ óò rí àpótí kékeré dípò lẹ́tà, tàbí kí àmì sún lọ sórí lẹ́tà kejì. Nítorí náà, ẹ̀dà tí wọ́n tò tán, tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ gan-an, ni kí ẹ kà kẹ́yìn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Tí wọ́n bá ti ṣe pléètì, owó ni àtúnṣe kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà tó yẹ kí ọwọ́ dúró

Àwọn kan wà tí wọn kì í jẹ́ kó lọ. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti ń tún orí kìn-ín-ní ṣe. Àtúnṣe kò burú. Ernest Hemingway ará Amẹ́ríkà sọ pé ìgbà 39 lòun tún ìparí A Farewell to Arms kọ kó tó tẹ́ òun lọ́rùn, ìwé náà sì jáde ní 1929. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́ Ajé, tí ẹ dá a padà lọ́jọ́bọ̀, tí kò sì sí ohun tó yí padà nínú ìtàn, iṣẹ́ ti parí. Ìbẹ̀rù ló kù.

Kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹ gba nọ́ńbà ISBN lọ́wọ́ National Library kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, nítorí inú ìwé náà ló máa wà. Òfin Nàìjíríà sì ní kí ẹni tó gbé ìwé jáde kó ẹ̀dà mẹ́ta fún wọn láàárín oṣù kan.

Ẹ tọ́jú ẹ̀dà sí ibi tó ju ẹyọ kan lọ. Àlùfáà Samuel Johnson parí The History of the Yorubas ní 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láì fojú kan ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ. 1921 ni ìwé náà tó jáde. Obadiah fúnra rẹ̀ ti kú ní 1920.

Ní ti ìwé tèmi, nígbà tí mo tún un tẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá Bánkẹ́ obìnrin ni mo fún ní gèlè sányán yẹn. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ kà á.