Sonny Ramadhin (1929–2022)
Bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì: awọ pupa tí a rán bo kọ́ọ̀kì àti òwú

Irú bọ́ọ̀lù yìí ni Ramadhin, ọmọ Tìrínídáàdì, fi da àwọn Gẹ̀ẹ́sì láàmú ní pápá Lord's lọ́dún 1950. Ọmọ ọdún 21 ni. Ó máa ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́. Ìka rẹ̀ yá débi pé ẹni tó di igi ìgbábọ́ọ̀lù mú kì í mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa yà sí. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló lé wọn jáde. Ikọ̀ rẹ̀, West Indies, wá borí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Ìlú Ọba fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní pápá Edgbaston, 1957, àwọn Gẹ̀ẹ́sì méjì, May àti Cowdrey, dọ́gbọ́n sí i: wọ́n ń na páàdì ẹsẹ̀ pàdé bọ́ọ̀lù. Ìyà gbáà ni! Ramadhin ju bọ́ọ̀lù 588 ní abala kan ṣoṣo.