Aṣojú Ìpínlẹ̀ Nínú Ẹgbẹ́ Òṣèlú Àpapọ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Ìlá àti Ìgbómìnà Ọ̀ṣun Máa Bèèrè

Nínú ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní Nàìjíríà, alága ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ ni ẹni tí ìpínlẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀ ní Àbújá. Nínú APC àti PDP, gbogbo alága ìpínlẹ̀ ló jẹ́ ọmọ Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Àpapọ̀, èyí tí a mọ̀ sí NEC. Gómìnà tó bá jẹ́ ti ẹgbẹ́ náà ń jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n tẹgbẹ́tẹgbẹ́ àti àwọn tí kò ṣe ẹgbẹ́ kankan ló jọ dìbò yan gómìnà. Alága ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn yàn fún iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Republican ya ipò yìí sọ́tọ̀ gedegbe: ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń rán ẹni mẹ́ta, ìyẹn alága rẹ̀, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, lọ sí ìgbìmọ̀ àpapọ̀. Bí a bá ka Washington àti àwọn ilẹ̀ márùn-ún tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà mọ́ ọn, gbogbo wọn jẹ́ 168. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níbí ni pé àwa tó ń wá ọmọ wa tí yóò wà lókè, ibi tí kò yẹ la tẹjú mọ́. Ohun tí àwa Ìgbómìnà Ọ̀ṣun ní Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà ṣaláìní ni ìjábọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ṣojú ìpínlẹ̀.

Ìwé òfin ọdún 1999, ní abala 223, sọ pé kí ẹgbẹ́ òṣèlú máa dìbò yan àwọn olóyè rẹ̀ lóòrèkóòrè, kí àlàfo rẹ̀ má ju ọdún mẹ́rin lọ. Ó tún ní kí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ aláṣẹ rẹ̀ jẹ́ ọmọ oríṣiríṣi ìpínlẹ̀, tí kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀ àti Àbújá. Orúkọ ìpínlẹ̀ ni òfin kà. Kò ka ìlú, kò sì ka ẹ̀yà. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lórúkọ Ọ̀ṣun, gbèsè rẹ̀ kan Ìlá gẹ́gẹ́ bó ṣe kan Ìwó, Iléṣà àti Ifẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé Ìlá ti ní ẹni tirẹ̀ lókè rí. Òótọ́ ni. Olóyè Bísí Àkàndé, tí wọ́n bí ní Ìlá lọ́dún 1939, ṣe igbákejì gómìnà Ọ̀yọ́ lábẹ́ Bọ́lá Ìgè, ó ṣe gómìnà Ọ̀ṣun láti 1999 sí 2003, òun náà ló sì ṣe alága ACN nígbà tí ẹgbẹ́ náà dara pọ̀ mọ́ CPC àti ANPP. Nígbà tí àjọ elétò ìdìbò, INEC, forúkọ APC sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2013, òun ni alága fìdí-hẹ ẹgbẹ́ tuntun náà, títí di oṣù kẹfà ọdún 2014. Ìlú kékeré tó bí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti yangàn. Àmọ́ ẹni tó bá jókòó sórí àga alága àpapọ̀ kì í ṣe agbẹnusọ ìlú rẹ̀ mọ́. Ẹjọ́ Sókótó àti Port Harcourt náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ akọ̀wé àpapọ̀ kò yàtọ̀ sí ti alága, ipò tí ọmọ Ọ̀ṣun sì ti jẹ léraléra ni: Ọlágúnsóyè Oyinlọlá nínú PDP lọ́dún 2012, Ìyìọlá Omíṣore nínú APC lọ́dún 2022, àti Ajíbọ́lá Bàṣírù tó rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 2023. Ti Oyinlọlá ló kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá yọ ọ́ nípò nítorí ọ̀nà tí ẹkùn Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn gbà fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Ó di oṣù kọkànlá kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dá a láre. Bí ìsàlẹ̀ kò bá fìdí múlẹ̀, kò sí ipò òkè tí ẹjọ́ kò lè mì.

Fún Ìgbómìnà, ọ̀rọ̀ náà tún le jù báyìí lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ìbátan wa wà ní Kwárà, ní Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfẹ́lódùn àti Isin. Nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń pín ipò sí ẹkùn mẹ́fà, tiwọn ń bọ́ sí Àríwá-Àárín-Gbùngbùn, tiwa sì ń bọ́ sí Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn. Kò sí àga kankan lábẹ́ òfin ẹgbẹ́ tí yóò kó wa pọ̀. Ní Ọ̀ṣun, ìjọba ìbílẹ̀ méjì, Ìlá àti Ìfẹ́dáyọ̀, la ní nínú 30. Nígbà ìdìbò abẹ́lé ààrẹ lọ́dún 2022, APC mú aṣojú mẹ́ta láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, PDP mú ẹyọ kan. Mẹ́fà péré ni tiwa nínú 2,322 ti APC. Ẹni mẹ́fà kò lè dún láàrin irú èrò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bá ti Ọ̀ṣun tó kù fohùn ṣọ̀kan, wọ́n di 90, ẹni tó sì ní láti so wọ́n pọ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé ni alága ìpínlẹ̀.

Nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ ju kí ó wọ agbádá lọ sí ìpàdé lọ. Ó ní láti mọ ohun tí wọ́ọ̀dù ń fẹ́ kí ó tó lọ, kí ó sì padà wá sọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí. Ó tún ní láti rí i pé ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ pé, nítorí òfin ìdìbò ní kí ẹgbẹ́ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ó sì fi í fún INEC ṣáájú ìdìbò abẹ́lé. Ọmọ ẹgbẹ́ ní Ọ̀rà tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, asán ni ariwo rẹ̀ lọ́jọ́ ìdìbò.

Àwọn kan yóò ní àsọdùn ni èyí, pé gómìnà tàbí àwọn olówó ló ń fi alága jẹ, òun kì í sì í lè yà kúrò lọ́nà wọn. N kò sẹ́ ẹ pé owó àti agbára ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ìdìbò ọdún 2022 ló jẹ́ kí ọwọ́ gómìnà àti alága ṣófo nínú ìdìbò abẹ́lé ààrẹ lọ́dún yẹn: àwọn tí wọ́n dìbò yàn fún iṣẹ́ náà nìkan ló dìbò. Àwọn mìíràn yóò ní àdúgbò kékeré tí kò bá ní ọmọ tirẹ̀ nípò, ìgbàgbé ni yóò jẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbi pínpín ọ̀nà àti omi. Síbẹ̀ ọmọ ẹni tí kì í jábọ̀ kò sàn ju àjèjì tó ń jábọ̀ lọ, ìgbìmọ̀ tó wà fún gbogbo Ọ̀ṣun kò sì lè fún ìlú kọ̀ọ̀kan ní àga.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìlá, Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ máa ṣe, ẹ jẹ́ kí alága ìpínlẹ̀ yín, tàbí ẹni tó bá rán, wá sọ fún ìpàdé wọ́ọ̀dù lẹ́yìn gbogbo ìpàdé NEC ohun tó gbé lọ àti ohun tó gbé bọ̀. Ẹ bèèrè rẹ̀ kí ẹ tó tún dìbò fún un.