Òpin Ọ̀sẹ̀ Kan ní Kánò: Ìlú Tí À Ń Gbé Tí A Ò Mọ̀

Lọ́sẹ̀ yìí, a ò fẹ́ sọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, a ò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ àwọn tí kì í wá sípàdé. Ìrìn àjò kékeré kan tí a rìn la fẹ́ ròyìn, nítorí pé ohun tí a bá bọ̀ níbẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn wa.

Ọ̀rẹ́ wa kan wà ní Kánò. Ọmọ ìlú kan náà ni wá, a jọ jáde iléèwé girama ni, ọkọ̀ kan náà la sì wọ̀ wá sí Òkè Ọya ní ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Àwa sọ̀ kalẹ̀ ní Kàdúná, òun bá tiẹ̀ lọ, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń ta obì ní Sabon Gari. Láti ìgbà náà, ìnáwó nìkan ló ń gbé wa dé ọ̀dọ̀ ara wa: ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, òkú àgbà. Bí a bá ti jẹun tán, kálukú á wọkọ̀ padà. Àfi bó ṣe pè wá lórí fóònù lọ́jọ́ kan, tó ní, “Ìwọ àti ìyàwó, ẹ wá kí wa láìsí ìnáwó kankan. Ẹ wá sun oorun ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, a gbéra ní Kàdúná, a gba Zaria kọjá, a sì dé láyọ̀. Ìyàwó ọ̀rẹ́ wa ti ro àmàlà dúdú sílẹ̀ pẹ̀lú ewédú, ẹlúbọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé ló fi rò ó. Àbíkẹ́yìn wọn ló gbé omi ìṣanwọ́ wá. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá bi í ní Yorùbá, Hausa ló fi ń dáhùn. Sabon Gari ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà.

Ìgbà tí ọmọ kúrò níwájú wa ni bàbá rẹ̀ tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọmọ yìí fẹ́ wọ iléèwé gíga, wọ́n sì ní kó mú ìwé ẹ̀rí ọmọ onílùú wá. Níbi tí wọ́n ti bí i, wọ́n ní kó lọ gbà á ní ìlú bàbá rẹ̀. Bàbá fún un lówó ọkọ̀, ó lọ sílé. Nígbà tó dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé náà, akọ̀wé bi í pé, “Agboolé wo lo ti wá? Ta ni baálé yín?” Ọmọ ò mọ̀ ọ́n. Yorùbá tó fi ń dáhùn sì ń já lulẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹnìkan tiẹ̀ ní, “Ṣé kì í ṣe Gàmbàrí nìyí?” Ọjọ́ mẹ́ta ló fi lọ tó fi bọ̀, kí àbúrò bàbá rẹ̀ tó wá dúró fún un, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ọ̀rẹ́ wa ní, “Ìwé náà ti wà nílé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó dé, ó jókòó síbi tí o jókòó sí yìí, ó bi mí pé, ‘Bàbá, ibo gan-an ni ilé wa?’ Mi ò rí èsì fún un.”

Ẹ̀yin èèyàn wa, àwa náà ò rí èsì. Ohun tó kàn wá sí wa lẹ́nu ni pé, “Bí kò bá mọ ilé, ṣé ó mọ Kánò?” Ọ̀rẹ́ wa rẹ́rìn-ín, ó ní, “Èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n. Ṣọ́ọ̀bù, mọ́ṣáláṣí, ilé: ohun tí mo mọ̀ ní Kánò nìyẹn.” Bí a ṣe pinnu nìyẹn pé bílẹ̀ bá mọ́, gbogbo wa la jọ máa jáde, ọmọ ni yóò sì máa ṣe ògbufọ̀ fún wa.

Kẹ̀kẹ́ márúwá méjì la gbà, èyí tí wọ́n ń pè ní A Daidaita Sahu ní Kánò. Òkè Dala la kọ́kọ́ lọ, kí oòrùn tó mú. Orúnkún wa gbọ̀n kí a tó dé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a ṣe wo ìsàlẹ̀, gbogbo ìlú ló tẹ́ síwájú wa bí ẹní. Ìdí òkè yìí ni Kánò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń yọ irin nínú òkúta ló ti gbé ibẹ̀ látijọ́. Ọba wọn kan tó ń jẹ́ Gijimasu ló bẹ̀rẹ̀ odi ìlú ní nǹkan bí ọdún 1100. Púpọ̀ nínú odi náà ti wó, ṣùgbọ́n a ṣì rí èyí tó kù.

Láti ibẹ̀, a lọ sí Gidan Makama, ilé alámọ̀ tí wọ́n kọ́ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún ó dín díẹ̀ sẹ́yìn, tó ti di ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí báyìí. Oòrùn ń jó wa níta, ṣùgbọ́n bí a ṣe wọlé, ara tù wá, nítorí ògiri náà nípọn gan-an. Ìtàn bí àwọn òyìnbó ṣe gba Kánò ní 1903 wà níbẹ̀. Ààfin ọba kò jìnnà síbẹ̀, Muhammadu Rumfa, tó jọba láti 1463 sí 1499, ló kọ́ ọ. Òun náà ló dá ọjà Kurmi sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa tó ti ń ta obì láti kékeré wò wá lójú, ó ní, “Ká sọ pé mo mọ̀ pé ọjà àwọn èèyàn yìí ti pẹ́ tó báyìí, mi ò bá ti máa bọ̀wọ̀ fún wọn ju bí mo ṣe ń ṣe lọ.”

Ṣùgbọ́n Kofar Mata ni ohun tó mú wa kọ ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn kòtò aró wà, èyí tí wọ́n ní wọ́n ti ń lò láti ọdún 1498. Kòtò jínjìn ni, wọ́n da ẹlú, eérú àti kán-ún pọ̀ sínú omi rẹ̀, wọ́n sì fi sílẹ̀ kó kan. Aṣọ tí kò bá pẹ́ nínú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ojú ọ̀run, èyí tó bá pẹ́ á dúdú kirikiri. Ọkùnrin ló ń ṣiṣẹ́ náà níbẹ̀. Nílé wa, obìnrin ló ni ín, àwọn aláró tó ń bọ Ìyá Màpó.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ wa dúró létí kòtò kan, ó gbóòórùn rẹ̀, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Òórùn ara ìyá mi nìyí.” Aláró ni ìyá rẹ̀ nílé, a ò sì gbọ́ ọ rí láti ọdún tí a ti mọ̀ wọ́n. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: bí wọ́n ṣe ń gún ewé ẹlú, bí wọ́n ṣe ń sẹ́ omi eérú, bí wọ́n ṣe ń fi iko di aṣọ kí àwọ̀ má bàa wọ ibi tí wọ́n bá dì. Bàbá arúgbó tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bi ọmọ náà pé kí ni ìyá rẹ̀ ń sọ. Ọmọ sọ ọ́ ní Hausa. Bàbá dáhùn pé bí àwọn náà ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé lọ́wọ́ bàbá òun lòun ti kọ́ ọ, àti pé “baba” làwọn ń pe ẹlú. Ìyá ní, “Bàbá kẹ̀?” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan, tí ọmọ sì dúró láàárín. Bí Yorùbá kan bá ta á lẹ́sẹ̀, á bi ìyá rẹ̀, ìyá á sì tún un sọ. Ọmọ tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín nílé, òun nìkan ló gbọ́ èdè àwọn méjèèjì lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí à ń padà lọ, a kọjá lẹ́bàá Ayagi, àdúgbò kan nínú ìlú àtijọ́. Ọ̀rẹ́ wa ní àwọn tó tẹ ibẹ̀ dó, láti ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti wá, kí òyìnbó tó dé, kí ojú irin tó dé Kánò ní 1911, kí Sabon Gari tó wà rárá. Ọmọ náà bi í pé, “Ṣé wọ́n ṣì ń sọ Yorùbá?” Bàbá rẹ̀ ní, “Rárá. Hausa ni wọ́n báyìí.” Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé.

A ò bú àwọn ará Ayagi o. Wọ́n rí ibi gbé, ibẹ̀ gbà wọ́n, wọ́n sì di ọmọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tiwa tí wọn ò mọ ilé, tí wọn ò sì mọ àjò ńkọ́? Ìlú tó bí wọn ní kí wọ́n lọ sílé, ilé ní òun ò mọ̀ wọ́n. Akọ̀wé tó fi ọmọ rẹ́rìn-ín kò ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n àwa òbí ló kọ́kọ́ jẹ̀bi. Owó iléèwé la rò pé ó tó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí a tó wọkọ̀ padà, ọ̀rẹ́ wa pe ọmọ jókòó. Ó sọ orúkọ agboolé wọn fún un, orúkọ baálé, orúkọ bàbá tó bí bàbá rẹ̀ àti iṣẹ́ tó ṣe. Ó ki oríkì wọn. Ọmọ mú ìwé, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Níbi kan, ọ̀rẹ́ wa dákẹ́, ó kọjú sí wa, ó ní, “Ẹ̀ka kan nínú rẹ̀ ti fò mí.” Àgbà tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni o. Ilé ló pè lórí fóònù kó tó rí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ gbogbo, ní Jos, ní Minna, ní Maiduguri, níbikíbi tí ẹ bá wà, àbá méjì la ní. Àkọ́kọ́, bí iléèwé bá gba ìsinmi, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kí wọ́n lọ wo ohun tó wà nínú ìlú tí wọ́n ń gbé, kí ẹ̀yin náà sì bá wọn lọ. Ìkejì, kí òbí kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ agboolé, baálé àti oríkì ìdílé sínú ìwé fún ọmọ rẹ̀ kó tó di pé akọ̀wé kan bi í. Àwa ti bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Inú oṣù yìí la máa gba ìwé tàwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa wò, a ó sì bi olúkúlùkù léèrè.

Ẹ jẹ́ ká pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àjò á dùn, ilé ò ní sọ wá nù.