Fọ́tò mànàmáná: èèwọ̀ kọ́, ṣùgbọ́n ibo lẹ dúró sí?

Òjò àkọ́rọ̀ ti dé, ìjì tó ń bá a rìn ò sì kéré. Ní irú àsìkò yìí, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn àṣà máa ń fi fọ́tò mànàmáná tí wọ́n yà ránṣẹ́ sí mi, wọ́n á ní, "Baba, ẹ wo iṣẹ́ Olúkòso." Ó máa ń wù mí í wò. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn wá bá mi nílé láìpẹ́ yìí pẹ̀lú ìbéèrè méjì. Ó ní ṣé èèwọ̀ ni kí ènìyàn ya mànàmáná ní fọ́tò? Ó tún ní ṣé mo lè ṣe oògùn fún òun tí àrá ò fi ní lè fọwọ́ kan òun, kí òun lè máa gun orí àpáta nígbà tí ìjì bá ń jà, kí fọ́tò òun lè dára ju ti àwọn ẹgbẹ́ òun lọ.

Ìdáhùn ìbéèrè kìíní: rárá, kì í ṣe èèwọ̀. Ìdáhùn ìkejì: rárá, n kò ní ṣe é. Mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ro irú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí.

Èèwọ̀ Ṣàngó kò fara sin fún ẹni tó bá súnmọ́ ojúbọ. Onísàngó kì í jẹ sèsé. Ṣàngó kò fẹ́ irọ́, kò fẹ́ olè, kò fẹ́ kí a búra èké. Nínú gbogbo ohun tí àwọn àgbà fi kọ́ mi, kò sí èyí tó ní kí ènìyàn má wo mànàmáná. Nígbà tí àrá bá sán, kí la máa ń ké? "Káwòó! Kábíyèsí!" Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ká wò ó. Ariwo yìí kan náà ni àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ gbé dé Brazil àti Cuba, tí wọ́n ṣì ń ké e títí dòní fún ẹni tí wọ́n ń pè ní Xangô àti Changó. Ọba tí a ń kí pé ká wò ó, kò lè bínú sí ẹni tó wò ó. Kámẹ́rà náà, ojú ni.

Ojú yìí sì ti ṣe iṣẹ́ tó wúlò. Ọdún 1882 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Jennings ya mànàmáná ní fọ́tò ní ìlú Philadelphia, ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é láyé ni. Kí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ tó dé, àwọn ayàwòrán ìlú òyìnbó máa ń ya mànàmáná bí igi tí a ṣẹ́ síhìn-ín ṣẹ́ sọ́hùn-ún, tí igun rẹ̀ mú. Fọ́tò Jennings fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń pẹ̀ka bí gbòǹgbò igi, bí odò tí a wò láti òkè. Ẹni tí àrá sán lù tí kò sì kú, nígbà mìíràn a máa rí irú ẹ̀ka yìí lára awọ rẹ̀, á sì parẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Mo bi ọmọ tó wá bá mi léèrè bí wọ́n ṣe ń mú ohun tó yára tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń dúró kó tó rí i kó tó tẹ kámẹ́rà, òfo ló máa mú. Lóru, orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé kó má baà mì. Wọ́n á kọjú rẹ̀ sí ibi tí ìjì wà, wọ́n á ṣí ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 títí dé 30, wọ́n á tì í, wọ́n á tún ṣí i. Mànàmáná tó bá kọ láàárín ìgbà náà á fúnra rẹ̀ kọ ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n á ṣí i tí wọn ò ní rí nǹkan kan. Ẹni tó ń fi fóònù ṣe é lè ya fídíò, kó wá yọ fọ́tò kúrò nínú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní sùúrù ni iṣẹ́ náà nígbà náà, ọmọ awo ló yẹ kó o jẹ́.

Ṣùgbọ́n kí la lọ ń wá lórí àpáta? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn onímọ̀ sọ bí àrá ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ mọ̀ ọ́n. Nínú ìkùukùu gíga, yìnyín àti omi dídì ń fara gbo ara wọn títí iná á fi kó jọ síbẹ̀. Iná yìí á máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi mítà 50. Bó bá ti ń súnmọ́ ilẹ̀, ilẹ̀ náà á dá a lóhùn: iná á gbéra láti orí ohun tó ga, á lọ pàdé rẹ̀. Ibi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé ni ìmọ́lẹ̀ ńlá tí à ń rí ti ń tàn. Ooru rẹ̀ lè tó 30,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìlọ́po márùn-ún ooru ojú oòrùn. Ooru yìí ló ń fẹ afẹ́fẹ́ lójijì tí a fi ń gbọ́ àrá. Àwọn baba wa tó sọ iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ní iná mànàmáná kò ṣì í pè.

Ẹ wá rí i pé ohun tó ga ló ń dáhùn. Ìdí nìyí tí ìrókò, àràbà àti ọ̀pẹ fi máa ń fara gbá a. Ẹni tó bá dúró lórí àpáta tàbí lórí òrùlé nígbà ìjì, tó gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onírin síwájú, ó ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tó ń dáhùn. Ní ọdún 1753, ọ̀mọ̀wé kan ní St. Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Georg Richmann, gbé irin láti orí òrùlé wọ inú ilé rẹ̀ kó lè fi wo agbára mànàmáná. Ó súnmọ́ ọn láti wò ó. Ibẹ̀ ló kú sí. Ìmọ̀ ló ń wá, kò jalè, kò purọ́.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ̀ láti ṣe oògùn. Iṣẹ́ mi ni kí n dáfá, kí n rúbọ, kí n sì sọ òótọ́ fún ẹni tó wá. Ẹbọ kì í sọ orí òrùlé di ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí mo bá gba owó ọmọ náà tí mo sì ní kó máa lọ, èmi ni mo rán an lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ya fọ́tò, ẹ dúró sínú ilé, ẹ yà á láti ojú fèrèsé, tàbí kẹ́ ẹ wà nínú mọ́tò onírin tí gíláàsì rẹ̀ wà ní títì. Ẹ má sá sábẹ́ igi. Fóònù kọ́ ló ń pe àrá bí àwọn kan ṣe rò. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí ni. Ṣùgbọ́n ẹ má lò ó nígbà tó bá wà lórí iná. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí àrá á fi sán. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta mẹ́ta dúró fún kìlómítà kan. Bí kò bá pé 30, ó ti súnmọ́ yín, ẹ wọlé. Lẹ́yìn àrá tó sán gbẹ̀yìn, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó jáde.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù ló kù. Bí Ṣàngó bá jà ládùúgbò wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn á sá sẹ́yìn. Wọ́n á ní a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹni tó ṣubú títí àwọn Mọ́gbà yóò fi dé. Àwọn mìíràn á ti máa sọ pé olè ni, pé ohun tó ṣe ló dé bá a. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn Mọ́gbà. Ètùtù wọn kò gbọdọ̀ parun. Ṣùgbọ́n òkú ni ètùtù yẹn wà fún, ẹni tó ṣubú lè má tíì kú. Ọ̀pọ̀ ẹni tí àrá sán lù ló ń yè. Ọkàn wọn lè dáwọ́ dúró díẹ̀, kí ọwọ́ ènìyàn sì tún jí i. Tí a bá ń wò wọ́n nílẹ̀, àwa la pa wọ́n. Àti ti olè yẹn: nígbà tí àrá bá la ìrókò, kí ni ìrókò jí? Èmi ò sọ pé Ṣàngó kì í dájọ́. Ìdájọ́ Ṣàngó, ti Ṣàngó ni. Tiwa ni kí á gbé ọmọlàkejì wa dìde.

Iná kì í dúró lára ẹni tí àrá sán lù, kò lè gbé ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé e kúrò ní gbangba bí ìjì bá ṣì ń jà, kí ẹnì kan pe 112. Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ ní ìdojúsókè, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì lé àárín àyà rẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ kó wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má dáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó ṣubú pọ̀, ẹni tó dà bí òkú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹni tó ń ké ń mí.

Kí àwọn adósù Ṣàngó tó bá ka èyí sọ ọ́ lójúbọ lọ́jọ́ Jàkúta tó ń bọ̀. Kí àwa awo náà sọ ọ́ lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu wa jáde, àwọn ènìyàn wa á gbọ́ ọ.

Olúkòso ò ní jà wá níjà ẹ̀tẹ́. Òjò ọdún yìí á jẹ́ òjò ìbùkún fún wa. Ẹ̀là á gbè wá o. Àṣẹ.