Ọtí Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Mu ní Yàrá Àyẹ̀wò Ẹdẹ

Ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 2020 ni wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn kòrónà ti wọ Èkó, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, ikọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ní ibùdó ìwádìí ACEGID, ní Yunifásítì Redeemer's tó wà ní Ẹdẹ, ti gbé àkọsílẹ̀ àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà síta, èyí tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀rọ tó ń ka àbùdá ló sábà máa ń gba ìyìn irú iṣẹ́ báyìí, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí ẹ̀rọ lè kà bí wọn kò bá kọ́kọ́ yọ RNA, ìyẹn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí àbùdá fáírọ́ọ̀sì wà lára rẹ̀, kúrò nínú ohun tí wọ́n gbà ní imú àti ọ̀fun aláìsàn. Níbẹ̀ ni ẹtánọ́ọ̀lù, èròjà tó ń jẹ́ kí ògógóró pa ọ̀mùtí, ti máa ń wúlò.

Mólẹ́kù ni ẹyọ tó kéré jù lọ nínú irú èròjà bẹ́ẹ̀, ti ẹtánọ́ọ̀lù sì ní apá méjì tí ìwà wọn kò jọra: kábọ̀n méjì àti háídírójìn márùn-ún wà lápá kan, wọ́n ń pín ẹlẹ́kítírọ̀nù láàárín ara wọn láìsí ìrẹ́jẹ tó pọ̀, ṣùgbọ́n lápá kejì, ọ́síjìn ń fa ẹlẹ́kítírọ̀nù mọ́ra kúrò lọ́dọ̀ háídírójìn kan ṣoṣo tó so mọ́ ọn, tí ọ́síjìn fi di négátíìfù díẹ̀, tí háídírójìn náà sì di pọ́sítíìfù, bíi orí bátìrì méjèèjì. Àìdọ́gba yìí ni àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ń pè ní pólárítì, òun ló sì ń mú kí háídírójìn mólẹ́kù kan máa fà mọ́ ọ́síjìn mólẹ́kù mìíràn. Própéènì inú gáàsì ìdáná fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ẹtánọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n nítorí pé kò ní irú ìfàmọ́ra bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n -42 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì ló ti ń hó, nígbà tí ẹtánọ́ọ̀lù kò ní hó títí di 78.

Ara RNA kún fún négátíìfù, omi a sì máa yí i ká tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Bí wọ́n bá da ẹtánọ́ọ̀lù mọ́ ọn pẹ̀lú iyọ̀ kan tó lágbára, apá ẹtánọ́ọ̀lù tí kò bá omi rẹ́ yóò dín agbára omi kù, RNA yóò sì lẹ̀ mọ́ asẹ́ sílíkà inú ike kékeré kan, níbi tí wọ́n ti máa fi ẹtánọ́ọ̀lù mìíràn ṣan ìdọ̀tí ara rẹ̀ dànù. Iṣẹ́ tó gba sùúrù ni, nítorí ẹtánọ́ọ̀lù tó bá ṣẹ́kù, bó ti wù kó kéré mọ, lè ba iṣẹ́ tó kàn jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún ike náà yí lórí ẹ̀rọ tó ń yí bírí láìda ohunkóhun sí i, kó lè gbẹ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kán omi mímọ́ díẹ̀ sórí asẹ́ náà, omi á gba RNA padà, ó wá ku ti ẹ̀rọ tó ń ka àbùdá.